Ará Ìjẹ̀bú àti Rẹ́mọ tó fẹ́ wọ ẹgbẹ́ gọ́ọ̀fù: Ìkẹjà, Ìbàdàn, Lakowe tàbí Ìkòyí?

Ẹni tó ń gbé Ìkẹjà tó fẹ́ wọ ẹgbẹ́ gọ́ọ̀fù, owó àti ẹni tí yóò bá a buwọ́ lu fọ́ọ̀mù ni wàhálà rẹ̀. Tiwa ní Ìjẹ̀bú àti Rẹ́mọ kọjá bẹ́ẹ̀. Àwọn pápá tí àwọn èèyàn wa sábà máa ń bi ara wọn léèrè nípa rẹ̀ ni Ikeja Golf Club, Ibadan Golf Club ní Oníreke, pápá inú ọgbà IITA (ilé iṣẹ́ ìwádìí ohun ọ̀gbìn) ní Ìbàdàn, Lakowe Lakes lójú ọ̀nà Lẹ́kí sí Ẹ̀pẹ́, àti Ikoyi Club 1938. Kò sí èyí tẹ́ ẹ máa fẹsẹ̀ rìn dé láti ilé nínú wọn. Nítorí náà, kẹ́ ẹ tó béèrè iye owó, kẹ́ ẹ tó béèrè bóyá koríko wọn dára, ẹ kọ́kọ́ ro ọ̀nà tẹ́ ẹ máa gbà débẹ̀ láago mẹ́fà àárọ̀ Sátidé, kẹ́ ẹ sì ro èyí tẹ́ ẹ máa gbà padà sílé lọ́sàn-án. Ẹgbẹ́ kan ò ní dín owó ọdọọdún kù fún ọmọ ẹgbẹ́ nítorí pé kì í dé pápá.

Mi ò ní fi èrò mi pamọ́ dé ìsàlẹ̀: ẹgbẹ́ tẹ́ ẹ lè dé lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀ láìbínú ni kẹ́ ẹ wọ̀, ì báà má lórúkọ tó bẹ́ẹ̀. Àwọn tó lókìkí, ẹ máa lọ ṣe àlejò wọn.

Ibi tẹ́ ẹ ń gbé ló ń pín in

Ẹ̀yin ará Ṣàgámù, Ìkẹ́nnẹ́ àti Ìlíṣàn, Ìkẹjà ló bọ́ sí yín lọ́wọ́ jù. Ọ̀nà kan ṣoṣo ni, márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn, ẹ ó sì yà ní Berger wọ Ìkẹjà. Láàárọ̀ kùtùkùtù Sátidé, kò le. Ìpadàbọ̀ ni kẹ́ ẹ rò dáadáa, nítorí tí Kárà bá ti dì lọ́sàn-án, gbogbo ìgbádùn tẹ́ ẹ rí lórí koríko ti tú dànù nínú mọ́tò. Ohun mìíràn wà tí ará Ìkẹjà ò ní sọ fún yín torí pé kò kàn án. Ọjọ́ Ẹtì àkọ́kọ́ nínú oṣù, ìsìn àṣemọ́jú máa ń wà ní Redemption City, ọkọ̀ àwọn tó wá jọ́sìn sì máa ń wà lójú ọ̀nà títí di òwúrọ̀ Sátidé. Ẹ béèrè lọ́wọ́ ẹgbẹ́ pé Sátidé wo nínú oṣù ni wọ́n ń gbá ìdíje olóṣooṣù wọn. Tó bá jẹ́ Sátidé àkọ́kọ́, ẹ yáa máa lọ sùn síbẹ̀ láti àná.

Ìhà Òru, Awà, Àgọ́-Ìwòyè àti Ìjẹ̀bú-Igbó, Ìbàdàn ni tiyín, ẹ ó gba Mámu kọjá sí Ìdí-Ayùnrẹ́. Lórí àwòrán ilẹ̀, ó súnmọ́. Ẹni tó mọ ọ̀nà náà mọ̀ pé ihò méjìdínlógún lẹ ń lọ gbá bọ́ọ̀lù sí, àmọ́ ẹ ó ti ka ihò ojú ọ̀nà jù bẹ́ẹ̀ lọ kẹ́ ẹ tó dé Ìdí-Ayùnrẹ́. Ẹni tó ní jíípù ò ní fi bẹ́ẹ̀ rojọ́. Ẹni tí ọkọ̀ rẹ̀ rẹlẹ̀, kó fi owó mẹkáníìkì kún ìṣirò rẹ̀.

Láti ojú ọ̀nà Ìjẹ̀bú yìí, Oníreke àti IITA kì í ṣe ohun kan náà rárá, bó tilẹ̀ jẹ́ pé Ìbàdàn là ń pe méjèèjì. Ẹni tó bá ti Ìdí-Ayùnrẹ́ wọlé, ọ̀dọ̀ Challenge ló máa já sí, Oníreke ò sì jìnnà sí i mọ́. Ìpẹ̀kun ìlú lọ́hùn-ún ni IITA wà, lẹ́yìn Òjóò, ẹ ní láti la Ìbàdàn já kẹ́ ẹ tó débẹ̀. Àmọ́ ará Ìṣarà tàbí Òdè Rẹ́mọ tó bá gun márosẹ̀, Ìwó Road ló máa gbà lọ sí Òjóò, kò ní bá àárín ìlú pàdé. Nítorí náà ẹni tó ń gbé ní Rẹ́mọ lókè lọ́hùn-ún ni IITA yá lára jù, kì í ṣe ará Ìjẹ̀bú-Igbó tó rò pé òun ló súnmọ́ Ìbàdàn.

Ìjẹ̀bú-Òde ló lẹ́ja nínú ibú báyìí. Tẹ́lẹ̀, ẹni tó bá ní òun ń lọ gbá gọ́ọ̀fù ní ìhà Ẹ̀pẹ́, wọ́n á ní orí rẹ̀ ò pé. Ní oṣù kìíní ọdún 2022 ni Ààrẹ Buhari wá ṣí ọ̀nà Ìjẹ̀bú-Òde sí Ẹ̀pẹ́ tí ìjọba Ògùn ṣe, kìlómítà 14 tó já sí ààlà Èkó. Láti ìgbà yẹn, Lakowe ti bọ́ sínú ohun tí èèyàn lè gbèrò. Àǹfààní rẹ̀ tí mo fẹ́ràn jù ni pé láti ẹ̀gbẹ́ Ẹ̀pẹ́ lẹ ti ń bọ̀: ẹ ó ti yà wọlé kẹ́ ẹ tó kan Sángótẹ̀dó àti Ajah, níbi tí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ àwọn ará Lẹ́kí ti ń bẹ̀rẹ̀. Àléébù rẹ̀ ni àwọn tírélà. Ìbẹ́jú-Lẹ́kí ti di ilẹ̀ ilé iṣẹ́ ńlá, ọkọ̀ agbépo àti ọkọ̀ akẹ́rù pọ̀ lójú ọ̀nà náà, n ò sì ní gba ẹnikẹ́ni níyànjú pé kó máa ti ibẹ̀ bọ̀ lẹ́yìn tí ilẹ̀ bá ṣú.

Ìkòyí ńkọ́? Láti Ìjẹ̀bú-Òde, ẹ máa kọjá pápá gọ́ọ̀fù kan kẹ́ ẹ tó dé òmíràn. Ẹni tó bá nílé sí Èkó, tó ń sùn níbẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀, ni kó máa rò ó.

Ta ló ni pápá?

Ìbéèrè kejì rèé, òun ni àwọn èèyàn kì í bi ara wọn tó. Ọ̀rọ̀ kan náà ni wọ́n ń lò fún gbogbo rẹ̀, ọmọ ẹgbẹ́, àmọ́ ohun tó túmọ̀ sí yàtọ̀ láti ọ̀dọ̀ ẹni dé ọ̀dọ̀ ẹni.

| Irú pápá | Àpẹẹrẹ | Ipò yín níbẹ̀ |
|---|---|---|
| Ti àwọn ọmọ ẹgbẹ́, gọ́ọ̀fù nìkan | Ìkẹjà, Ibadan Golf Club | Ẹ ní ohùn àti ìbò, ẹ sì ní gbèsè rẹ̀ |
| Ẹ̀ka nínú ẹgbẹ́ ńlá | Ikoyi Club 1938 | Ẹ wọ ẹgbẹ́ ńlá ná, kẹ́ ẹ tó wọ ẹ̀ka |
| Ti ilé iṣẹ́ tó kọ́ ẹsiteeti | Lakowe Lakes | Oníbàárà pàtàkì |
| Ti àjọ tó ní iṣẹ́ mìíràn | IITA | Àlejò tí wọ́n gbà láyè |

Ẹgbẹ́ tí àwọn ọmọ ẹgbẹ́ ló ni ín, kápténì ni wọ́n ń yàn ṣe olórí, ìpàdé gbogboogbò sì máa ń wà lọ́dọọdún. Ọ̀rọ̀ pọ̀ níbẹ̀. Ẹ lè dìde kẹ́ ẹ ní owó omi tí wọ́n fi ń bomi rin koríko ti pọ̀ jù, wọ́n á sì gbọ́ yín. Àmọ́ lọ́jọ́ tí ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń gé koríko bá kú, wọ́n lè pín owó tuntun rẹ̀ lé gbogbo yín lórí. Owó ìdáwó yẹn kì í sí nínú ìwé tí wọ́n kọ́kọ́ fún yín. Èmi fẹ́ràn irú ẹgbẹ́ yìí jù lọ, ó jọ bí a ti ń ṣe nǹkan nílé: ẹni tó bá dáwó ló lẹ́nu ọ̀rọ̀.

Ní Lakowe, ilé iṣẹ́ ló ni ilẹ̀, ó ni pápá, ó sì ń ta ilé sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Wọn ò ní pe yín sí ìpàdé láti wá jiyàn lórí ẹ̀rọ. Tí inú yín ò bá dùn, owó yín lẹ máa fi bá wọn sọ̀rọ̀: ẹ san, tàbí ẹ má san mọ́. Ẹni tí ìpàdé ti sú láti inú ẹgbẹ́ ọmọ bíbí ìlú, ti ṣọ́ọ̀ṣì tàbí mọ́sáláásì, àti ti ẹgbẹ́ ilé ìwé àtijọ́, yóò mọrírì rẹ̀. Ihò rẹ̀ pé méjìdínlógún, omi sì pọ̀ nínú pápá náà, orúkọ rẹ̀ ti sọ ọ́ tẹ́lẹ̀. Akọ́ṣẹ́ tó bá ń lọ síbẹ̀, kó di bọ́ọ̀lù tó máa sọ nù sínú àpò. Láti ọdún 2019 ni òfin gọ́ọ̀fù ti dín àkókò tí a lè fi wá bọ́ọ̀lù kù láti ìṣẹ́jú márùn-ún sí mẹ́ta, omi ò sì ń dá bọ́ọ̀lù padà.

IITA jẹ́ ilé iṣẹ́ ìwádìí ohun ọ̀gbìn tí wọ́n dá sílẹ̀ lọ́dún 1967, ilẹ̀ rẹ̀ sì tó hẹ́kítà 1,000. Àgbàdo, ẹ̀gẹ́, iṣu àti ẹ̀wà ni iṣẹ́ rẹ̀, gọ́ọ̀fù jẹ́ ìgbafẹ́ inú ọgbà. Igbó tó yí i ká tutù, ariwo ò sí, àwọn ẹyẹ nìkan lẹ máa gbọ́. Ẹ̀ṣọ́ wà lẹ́nu géètì, a ò sì lè jí wọlé. Kò sí ibi tó dùn tó o fún ẹni tó fẹ́ ìfọ̀kànbalẹ̀. Àmọ́ ẹ má gbàgbé pé àjọ yẹn lè yí ètò rẹ̀ padà bó ṣe wù ú, torí kì í ṣe nítorí tiwa ni wọ́n ṣe dá a sílẹ̀.

Ti Ìkòyí, ọdún tí wọ́n dá a sílẹ̀ ti wà nínú orúkọ rẹ̀. Tẹníìsì, squash, ìwẹ̀ nínú odò àtọwọ́dá, gbogbo rẹ̀ ló wà níbẹ̀ pẹ̀lú gọ́ọ̀fù. Ó dáa fún ilé tí bàbá ń gbá gọ́ọ̀fù, tí ìyá ń gbá tẹníìsì, tí àwọn ọmọ ń wẹ̀. Ẹni tó jẹ́ gọ́ọ̀fù nìkan ló fẹ́, ó ń sanwó fún odò tí kò ní bọ́ sí.

Owó, àti bó ṣe yẹ ká kà á

Mi ò ní kọ iye síbí torí ó ń yí padà lọ́dọọdún. Ẹ gba ìwé owó lọ́wọ́ akọ̀wé ẹgbẹ́, kẹ́ ẹ wá wo bóyá nǹkan wọ̀nyí wà nínú rẹ̀: owó ìwọlé tí a ń san lẹ́ẹ̀kan, owó ọdọọdún, owó ìdíje, owó kádì (ẹni tó ń bá yín gbé àpò ọ̀pá), owó ilé ìkẹ́rùsí, àti owó tí wọ́n retí pé kẹ́ ẹ ná níbi tí wọ́n ti ń jẹ tí wọ́n ti ń mu. Owó kádì lọ̀pọ̀ ń gbàgbé. Ojoojúmọ́ tẹ́ ẹ bá gbá bọ́ọ̀lù lẹ máa san án, ẹ ó sì fún un ní nǹkan lé e tó bá ti bá yín ka ilẹ̀ dáadáa.

Ẹ wá pín in. Ká ní gbogbo rẹ̀ já sí náírà 600,000 lọ́dún. Ẹni tó bá gbá gọ́ọ̀fù nígbà 12 lọ́dún, náírà 50,000 ni ẹ̀ẹ̀kan jẹ́ fún un, epo ò tíì wọ̀ ọ́. Ẹni tó bá gbá a nígbà 80, náírà 7,500 ni. Ìyẹn ni mo ṣe ń pariwo ọ̀nà láti òkè. Ẹni tó mọ̀ lọ́kàn ara rẹ̀ pé ẹ̀ẹ̀kan lóṣù lòun lè lọ, kó máa lọ gẹ́gẹ́ bí àlejò, kó san owó ọjọ́ náà, kó sì fi ìyókù ra ọ̀pá gọ́ọ̀fù. Òfin ò sì jẹ́ kí ọ̀pá inú àpò ju 14 lọ. Ìdajì ìyẹn tó akọ́ṣẹ́, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ta odindi àpò tuntun fún yín.

Ìbéèrè kan ṣe pàtàkì fún wa ju ará Èkó lọ: ṣé ẹgbẹ́ náà ní ipò fún ọmọ ẹgbẹ́ tó ń gbé ìlú mìíràn? Ibi tó bá wà, owó rẹ̀ máa ń kéré. Ṣùgbọ́n ẹ ka ìlà kékeré tó wà ní ìsàlẹ̀: ibi kan lè fi ìwọ̀n sí iye ìgbà tẹ́ ẹ lè gbá bọ́ọ̀lù, ibi kan sì lè wọn jíjìnnà ilé yín sí pápá kí wọ́n tó gbà. Ẹ tún béèrè ẹgbẹ́ wo ni wọ́n ti ní àdéhùn pọ̀ tí ọmọ ẹgbẹ́ wọn lè lọ gbá bọ́ọ̀lù ní ẹ̀dínwó. Ọmọ Ìbàdàn tó lè gbá bọ́ọ̀lù ní Èkó ní owó tó dín kù ti jèrè ẹgbẹ́ méjì.

Ihò mẹ́sàn-án tàbí méjìdínlógún

Bí pápá kékeré oníhò mẹ́sàn-án bá wà nítòsí yín, ti ilé iṣẹ́ tàbí ti ilé ìwé, ẹ má fojú dí i. Ẹ lè gbá a lẹ́ẹ̀mejì kó di méjìdínlógún, a sì máa ń bẹ̀rẹ̀ láti ibi tó yàtọ̀ díẹ̀ nígbà kejì. Tẹ́ ẹ bá gbá a lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, wákàtí méjì ló ń gbà, nígbà tí pápá ńlá ń jẹ mẹ́rin tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹni tó ń ṣí ṣọ́ọ̀bù láago mẹ́sàn-án lè gbá a kó sì dé ìsọ̀ lásìkò.

Ìbẹ̀rù àwọn èèyàn ni pé pápá kékeré ò ní fún wọn ní handicap, ìyẹn nọ́ńbà tó ń sọ bí èèyàn ṣe mọ gọ́ọ̀fù gbá tó. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ètò handicap àgbáyé tó bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 2020 gba àkọsílẹ̀ ihò mẹ́sàn-án. Ihò 54 ni wọ́n ń fẹ́ kí wọ́n tó fún yín ní ti àkọ́kọ́, ìgbà mẹ́ta tí ihò jẹ́ 18 tàbí ìgbà mẹ́fà tí ihò jẹ́ mẹ́sàn-án. Handicap tó ga jù ni 54.0, fún ọkùnrin àti obìnrin. Tí àkọsílẹ̀ yín bá ti pé 20, mẹ́jọ tó dára jù nínú rẹ̀ ni wọ́n ń lò. Ohun tó yẹ kẹ́ ẹ béèrè ni bóyá wọ́n ti wọn pápá náà fún ètò yìí, àti bóyá akọ̀wé handicap wọn ń ṣiṣẹ́ rẹ̀.

Ní àwọn pápá kan ní Nàìjíríà, brown ló wà nídìí ihò, iyanrìn tí wọ́n pò mọ́ epo, kì í ṣe koríko. Kádì á tẹ́ ojú ọ̀nà bọ́ọ̀lù yín kẹ́ ẹ tó gbá a. Ó tọ́ gbọọrọ, kò ní ẹ̀tàn. Ẹni tó kọ́ gọ́ọ̀fù lórí brown tó wá bọ́ sórí gíríìnì, ìyẹn koríko tí wọ́n gé mọ́lẹ̀ yí ihò ká, bọ́ọ̀lù á máa ṣe é bíi pé ó ní iṣẹ́ míì tó fẹ́ lọ jẹ́.

Ẹ lọ wo pápá lẹ́ẹ̀mejì kẹ́ ẹ tó sanwó, ìkan ní oṣù kẹfà tí òjò ń rọ̀ dáadáa, ìkan lásìkò ọyẹ́. Kẹ́ ẹ débẹ̀ láàárọ̀, kí ìrì má tíì gbẹ. Ẹ bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ihò kan. Tí wọ́n bá ṣẹ̀ṣẹ̀ gbẹ́ ihò náà sí ojú tuntun, etí rẹ̀ á mú ṣáká, ẹ ó rí gbòǹgbò koríko tí ọ̀bẹ gé. Tó bá ti wà lójú kan látọjọ́ pípẹ́, etí rẹ̀ á ti rún, ẹsẹ̀ á ti tẹ ilẹ̀ ibẹ̀ wọnú. Ẹ fi ẹsẹ̀ ro iyanrìn inú àwọn kòtò tí wọ́n gbẹ́ sínú pápá láti fi dí bọ́ọ̀lù lọ́wọ́: ṣé ó ṣì tú, àbí òjò ti sọ ọ́ di ilẹ̀ líle? Lẹ́yìn náà kẹ́ ẹ lọ bá àwọn kádì lábẹ́ igi tí wọ́n máa ń jókòó sí. Ẹ kí wọn dáadáa, ẹ béèrè pé ọjọ́ wo ni pápá kún jù, pé ṣé àwọn akọ́ṣẹ́ ń ráyè. Wọn ò ní àǹfààní kankan nínú kí wọ́n purọ́ fún yín, akọ̀wé ẹgbẹ́ sì ní i.

Àwọn èèyàn tẹ́ ẹ fẹ́ bá rìn

Ní ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́, ọmọ ẹgbẹ́ kan á dá orúkọ yín, òmíràn á kín in lẹ́yìn, wọ́n á lẹ àwòrán yín mọ́ pátákó kí gbogbo èèyàn lè rí i, ẹni tó bá ní ohun tó fẹ́ sọ á sì sọ ọ́. Lẹ́yìn náà ni ìgbìmọ̀ á pè yín wá jókòó. Ẹ má wá ẹni tó máa dá orúkọ yín ní ọ̀sẹ̀ tẹ́ ẹ fẹ́ gba fọ́ọ̀mù. Ìbàdàn rọ ará Ìjẹ̀bú lọ́rùn níbi yìí, torí àwọn èèyàn wa tó ti tẹ̀dó síbẹ̀ láti ìgbà àwọn bàbá wa pọ̀. Ẹ béèrè láàárín ẹbí ná kẹ́ ẹ tó lọ bá àjèjì. Ti ilé iṣẹ́ bíi Lakowe, owó àti fọ́ọ̀mù ló pọ̀ jù nínú rẹ̀.

Ẹ̀yin ìyá wa tó fẹ́ wọ̀ ọ́, ẹ béèrè bóyá ẹ̀ka obìnrin wọn ń ṣiṣẹ́ lóòótọ́, kí ẹ sì wo ìwé ìdíje: ẹ̀ẹ̀melòó ni àwọn obìnrin gbá bọ́ọ̀lù lọ́dún tó kọjá? Ẹ̀ka tó wà lórí ìwé lásán pọ̀. Bí ọkọ bá ti jẹ́ ọmọ ẹgbẹ́, ẹ béèrè bóyá ìyàwó ń gbá bọ́ọ̀lù lábẹ́ orúkọ rẹ̀, àbí ó ní láti san tirẹ̀ lọ́tọ̀.

Ká má tan ara wa, ọmọ Ìjẹ̀bú kì í ṣe ẹni tí ẹgbẹ́ ń wọ́n. Ẹni tó wà nínú régbérégbé ti mọ ohun tí Ojúde Ọba ń gbà lọ́wọ́ òun lọ́dún, aṣọ, bàtà, fìlà, àti ẹṣin fún àwọn kan. Ẹgbẹ́ gọ́ọ̀fù náà ní àpèjẹ ọjọ́ kápténì, ó ní aṣọ tirẹ̀, ó sì ní ìkówójọ. Ẹ wo kàlẹ́ńdà wọn kí ìdíje ńlá wọn má bọ́ sí ọ̀sẹ̀ Iléyá, nígbà tó jẹ́ pé ilé lẹ ní láti wà.

Tí wọ́n bá ní kí n yàn

Ará Ṣàgámù títí dé Ìlíṣàn: Ìkẹjà, tẹ́ ẹ bá lè máa jí láago mẹ́rin. Ará Ìṣarà àti Òdè Rẹ́mọ: ẹ kọ́kọ́ wádìí IITA, kẹ́ ẹ tó wo Ìkẹjà. Òru, Àgọ́-Ìwòyè, Ìjẹ̀bú-Igbó: Oníreke, láìjanpata. Ìjẹ̀bú-Òde ló le jù. Ẹni tó fẹ́ ẹgbẹ́ tó ní ohùn, Oníreke ni. Ẹni tó fẹ́ pápá tó dára láìsí ìpàdé, kó máa lọ sí Lakowe gẹ́gẹ́ bí àlejò fún oṣù mẹ́fà kó tó bá wọn sọ̀rọ̀ owó ọdọọdún.

Ẹni tó ń ṣiṣẹ́ ní Èkó láti Mọ́ńdè sí Fúráìdé tó ń wálé ní òpin ọ̀sẹ̀, ti rẹ̀ yí padà: kó wọ ẹgbẹ́ Èkó, kó máa gbá ihò mẹ́sàn-án lẹ́yìn iṣẹ́ ní Wẹ́sídé nígbà tí pápá bá ṣófo, kó sì fi Sátidé sílẹ̀ fún ìnáwó ìlú. Tó bá fẹ́ gbá bọ́ọ̀lù ní Ìbàdàn lọ́jọ́ kan, kó mú káàdì ẹgbẹ́ àti ìwé handicap rẹ̀ dání, kó sì pe akọ̀wé wọn ṣáájú, torí pápá tó bá ní ìdíje lọ́jọ́ náà kì í gba àlejò.